Bí mo ṣe dá ihò páìpù lu ògiri ilé bàbá mi n'Íjẹ̀bú-Òde

Orúnkún ìyá mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí orúnkún ọ̀tún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìyàgbẹ́ tí mo gbọ́njú bá wà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nídìí igi àgbọn. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ẹni fi ọṣẹ pa á. Nígbà tí wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, mo pe àbúrò mi obìnrin l'Ékòó, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. A fẹnu kò pé yàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń kó agbada gàrí àti ìkòkò àtijọ́ sí, la ó sọ di ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́. Àbúrò mi á ra àwo ìyàgbẹ́ àti táìsì, èmi á mójú tó iṣẹ́.

A ò fẹ́ kó bọ́ sí àsìkò Iléyá. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni àjọ̀dún Ojúde Ọba, àti pé bó bá ti ń sún mọ́lé báyìí, kunlékunlé àti bíríkìlà á di ẹni àwátì. Gbogbo ọmọ ìlú ló ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe kí àwọn ará rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù mẹ́ta ṣáájú la ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù ni iṣẹ́ mi, Ṣágámù ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ihò lílu lára ògiri kì í ṣe nǹkan tuntun fún mi, kò sí AC tí mo gbé kọ́ tí n kò lu ihò fún páìpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò AC kì í sábà ju ínṣì 2 ààbọ̀ lọ, ara ògiri búlọ́ọ̀kù ni mo sì ti ń lu wọ́n. Páìpù ìgbẹ́ ínṣì 4 ni ti èyí. Téèyàn bá fi téèpù wọn ẹ̀yìn páìpù náà, mìlímítà 110 ni, ihò tí mo fẹ́ kó gbà á dáadáa jẹ́ mìlímítà 127, ìyẹn ínṣì 5.

Bọ̀ọ̀dá púlọ́mbà tí a pè ti bá bàbá mi ṣiṣẹ́ rí kí bàbá tó kú. Òòlù ńlá àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ní, "Ogún ìṣẹ́jú péré, mo ti já a síta." Mi ò jiyàn pé kò ní já. Ohun tí mo ti rí kiri ni pé ihò tí wọ́n bá fi òòlù dá fún páìpù ínṣì 4, ewúrẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n á wá po sìmẹ́ńtì dí i, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún. Kò ní pẹ́, ògiri á sán láti ibẹ̀ títí dé ìdí fèrèsé. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún mi. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, kò burú." Ẹnjiníà yìí ni wọ́n ń pè mí títí iṣẹ́ fi parí, mi ò sì mọ̀ bóyá iyì ni àbí yẹ̀yẹ́.

Bíìtì tí mo fẹ́ lò ni wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀ bíìtì. Ó dà bí agolo ńlá tí kò nídìí, tí wọ́n jó eyín irin líle mọ́ ẹnu rẹ̀ yí ká. Kì í lọ ògiri kúnná bíi bíìtì kékeré. Etí ihò nìkan ló ń gé, àárín rẹ̀ á wá jáde lódindi bíi mọ́ínmọ́ín alágolo. Ti mìlímítà 65 ni mo ní. Mo yá ti 127 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bá àwọn akọ́lé ṣiṣẹ́, mo yá ẹ̀rọ dírììlì rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí tèmi kò lágbára tó láti yí bíìtì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo tún tìtorí ẹ̀ yá a ni kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, tó máa ń já ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bí bíìtì bá há lójijì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dé. A fi tapólì bo ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi nítorí eruku. Àwọn fúnra wọn ti kó fọ́tò bàbá mi kúrò lára ògiri pálọ̀, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da ìró bò ó. Wáyà iná inú ilé náà kò bọ́ sínú ògiri, ojú ògiri ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́sí, ìyẹn ni pé mò ń fojú rí ibi tí wọ́n gbà. Síbẹ̀ mo pa méènì, jẹnẹrétọ̀ la sì fi ṣiṣẹ́. Nínú ilé tí wọ́n ti ń fi wáyà kún wáyà láti bí ogójì ọdún, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà.

Wíwọ̀n ló kàn. Àwo tí àbúrò mi rà, ẹ̀yìn ni ẹnu rẹ̀ ń kọ sí, kì í ṣe èyí tó ń bọ́ sínú ilẹ̀, àárín ẹnu rẹ̀ sì fi ínṣì 7 ga sí ilẹ̀ tó bá jókòó lé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá náà. Òun ni mo fi ṣe atọ́nà, nítorí òun nìkan ni èèyàn lè rí nínú kó sì rí níta. Mo wọn láti etí rẹ̀ ní inú, mo jáde lọ wọn iye kan náà níta, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà. Níta, ilẹ̀ fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan rẹlẹ̀ sí ti inú, páìpù máa yọ lókè ilẹ̀ dáadáa. Inú mi dùn sí ara mi.

Bí ihò ńlá bá máa wà, kékeré ló ń ṣíwájú rẹ̀. Bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ mìlímítà 12 tó gùn tó ínṣì 18 ni mo kọ́kọ́ fi sí i, pé kó já síta, kí n lè mọ̀ bóyá ibi tí mo fojú sùn náà ló yọ sí. Lílo rẹ̀ kejì, tí n kò tíì mọ̀ pé ó máa ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ni pé ó máa ń sọ ohun tó wà nínú ògiri fúnni. Mo gbé ẹnu rẹ̀ sórí àmì, mo tẹ̀ ẹ́. Eruku eléérú kọ́kọ́ dà, eruku sìmẹ́ńtì tí ojú mi mọ̀. Kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ tí bíìtì náà fi já wọlé wọ̀ọ̀. Mo ní á, mo ti bọ́ sí inú búlọ́ọ̀kù nìyẹn, nítorí inú búlọ́ọ̀kù ṣófo, bó ṣe máa ń já nìyẹn. Àfi bí mo ṣe wolẹ̀ tí mo rí i pé eruku tó ń dà sórí bàtà mi ti pọ́n bí osùn.

Mo pa ẹ̀rọ. Bọ̀ọ̀dá púlọ́mbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka bù ú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ínṣì 9 tí mo rò pé ògiri náà nípọn kọjá, kò já. Ínṣì 12, kò já. Ó kù díẹ̀ kó pé ínṣì 15 kí eruku tó padà di eléérú, kí ẹnu bíìtì tó yọ síta.

"Màámi," mo ké láti inú yàrá, "ṣé ògiri yìí kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ni?"

Wọ́n tiro wá sí ẹnu ọ̀nà. "Ta ló ní búlọ́ọ̀kù ni? Àkànní, amọ̀ ni. Oyún ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú mi nígbà tí mò ń pọnmi tí wọ́n fi ń pò ó. Ìgbà tí bàbá rẹ kó èsúsú ló tó ra sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára." Wọ́n wo ihò náà. "Gbogbo ọdún tí o fi gbé inú ilé yìí, o ò mọ̀?"

Mi ò mọ̀. Wọ́n rẹ́ ẹ dán, wọ́n kùn ún, wọ́n fi sìmẹ́ńtì fa ilà búlọ́ọ̀kù èké sára rẹ̀ níta. Láti kékeré ni mo ti ń rí ilà yẹn, òun ló tàn mí jẹ. Ẹ̀yin tí ilé bàbá yín wà n'Íjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, ẹ má fojú wo ìrẹ́ ara ògiri kí ẹ sọ pé ẹ ti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àyẹ̀wò yẹn ló yí gbogbo ètò mi padà. Lára búlọ́ọ̀kù tàbí kankéré, omi ni ọ̀rẹ́ bíìtì. A máa ń da á sí i kó má gbóná, kí eruku má sì gbalé. Lára amọ̀, omi ni ọ̀tá. Bí mo bá da omi sí ihò náà, ìpele àkọ́kọ́ ògiri náà ni mò ń pò padà di ẹrẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé èyí tó kù. Ìkejì ni gbígbá. Ẹ̀rọ náà lè máa yí, ó sì lè máa yí kó tún máa gbá bí òòlù. Sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ amọ̀ típẹ́típẹ́, ó kàn dì í mú ni. Tí èèyàn bá ń gbá ibì kan, ìrẹ́ ibòmíràn ń ṣí kúrò lára amọ̀ láìjẹ́ pé a rí i, títí ọjọ́ tó máa ya lulẹ̀. Mo ti bọ́tìnì gbígbá pa, mo da omi tí mo pọn sílẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ibi tí mo ti ń pa bíìtì dà ni Bọ̀ọ̀dá ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń wo àmì mi tipẹ́.

"Ẹnjiníà, ibo lo ti wọn ínṣì 7 yìí?"

"Láti ilẹ̀ ni, sà."

"Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ òní àbí ilẹ̀ ọ̀la?"

Ara mi tutù. Àwo náà kò ní jókòó sórí ilẹ̀ tí mo dúró lé. A ṣì máa da kankéré tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi tẹ́ ilẹ̀ náà, a máa lẹ táìsì lé e, àpapọ̀ rẹ̀ á tó ínṣì 2. Ká ní mo gé ihò ńlá sí ibi tí mo fàmì sí, ẹnu àwo á fi ínṣì 2 ga ju ihò lọ. À bá fi ọrùn páìpù tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lọ́ràn-an-yàn, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ á sì máa há sí títí ayé. Ínṣì 9 láti ilẹ̀ òní ló yẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn díẹ̀, mo lu ihò kékeré mìíràn sókè èkíní. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé ihò méjèèjì kò ju ínṣì 2 síra wọn lọ. Láti àárín ihò ńlá sí etí rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2 ààbọ̀, nítorí náà àṣìṣe mi ṣì wà nínú ohun tí a máa gé sọnù. Ká ní ihò ńlá ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, mi ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀.

Gígé náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ sùúrù ni. Ọmọ iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá di ẹnu àpò ìrẹsì mú sábẹ́ ihò kí eruku máa bọ́ sí i. Mo bo imú, mo wọ gíláàsì, mo fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ọwọ́ òsì lára ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ìrẹ́ sìmẹ́ńtì ló le jù. Ẹnu bíìtì ń jó kiri lójú rẹ̀, àfi ìgbà tí eyín rẹ̀ fa ilà yípo dáadáa ló tó fara mọ́ ibì kan. Lẹ́yìn èyí ó di bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ dúdú tó ti gbẹ. Mo ń fà á jáde lóòrèkóòrè kí eruku tó dì sínú rẹ̀ lè dà nù. Bí mo bá gbàgbé, amọ̀ á dì gbagidi mọ́ inú agolo náà, bíìtì á sì kàn máa yí lórí ara rẹ̀ láìgé nǹkan kan.

Jíjìn bíìtì náà kò ju ínṣì 6. Nígbà tó wọlé tán, mo fà á jáde, mo ki ṣísẹ́ẹ̀lì bọ àlàfo tó gé, mo tì í díẹ̀, amọ̀ àárín rẹ̀ ṣẹ́ kù nínú lọ́hùn-ún, mo fi ọwọ́ fà á jáde. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ó pupa, ó dì, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ihò kékeré méjì sì gba àárín rẹ̀ kọjá, èyí tó tọ́ lókè, èyí tí kò tọ́ nísàlẹ̀. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí àpótí.

Mo fi irin ìfàgùn sí bíìtì, mo tún wọlé. Ibẹ̀ ni òkúta funfun kan tó tó ẹyin àdàbà ti pàdé eyín bíìtì. Bíìtì há gbà, ẹ̀rọ náà ló kù tó fẹ́ máa yí, ó sì fa ọrùn ọwọ́ mi lọ́ kí kílọ́ọ̀ṣì tó já a sílẹ̀. Bí kò bá sí kílọ́ọ̀ṣì, dókítà ni ǹ bá wá lọ. Bó ti wù kó rí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni n kò fi lè fọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè. Ẹni tó bá máa gbé bíìtì tó tóbi báyìí sí dírììlì kékeré tí kò ní nǹkan yẹn, kí ó má pe ara rẹ̀ ní akíkanjú.

Nígbà tí mo ń na ọwọ́ níta ni mo ń wo ilẹ̀ pupa tó dà sórí bàtà mi, tí mo ń ronú àwọn tó gbẹ́ Èrèdò Sùngbọ́. Kòtò àti òkìtì tó lé ní kìlómítà 160 yípo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí àwọn ibì kan rẹ̀ ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì, ilẹ̀ pupa yìí kan náà ni, wọn ò sì ní dírììlì. Èmi nìyí, ínṣì 15 ti lọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ti pinnu pé mi ò ní já a síta láti inú, nítorí bí bíìtì bá ń já bọ̀ láti inú, ó máa ń ti ìrẹ́ ìta wálẹ̀ ni. Ó yẹ kí n lọ síta, kí n gbé bíìtì sí ẹnu ihò kékeré, kí n gé e wọlé títí tí méjèèjì á fi pàdé. Ibi tí mo ti ń mu omi ni mo ti gbọ́ gbà, gbà, gbà. Ọmọ iṣẹ́ ti gbé òòlù, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Kí n tó yí ilé po, ìrẹ́ ara ògiri tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ ńlá ti wà nílẹ̀, amọ̀ hàn síta pọ́n-ún. Bọ̀ọ̀dá gbá a létí kan. Èmi ò lè sọ nǹkan kan, àṣìṣe tèmi ṣì wà lórí àpótí níwájú ìyá mi. Mo gé èyí tó kù láti ìta, ó pàdé ti inú láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì ju ìbú ìka lọ.

Iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá ló kù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Páìpù kan lódindi ni wọ́n fi la ògiri já, wọn ò jẹ́ kí ìsopọ̀ kankan wà nínú rẹ̀, nítorí ìsopọ̀ tó bá ń jò nínú ògiri amọ̀, ọjọ́ tí ògiri bá wó la máa mọ̀. Fún ọ̀nà tí omi á máa ṣàn gbà, ìlànà wọn ni kí páìpù máa fi ínṣì 1 rẹlẹ̀ ní gbogbo ínṣì 40. Nínú ògiri tó nípọn ní ínṣì 15, ìyẹn kò pé mìlímítà 10, ihò wa sì fi mìlímítà 17 fẹ̀ ju páìpù lọ. Kò sí ìdí láti gé ihò ní ìdagẹ̀rẹ̀, páìpù la kàn dà gẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n wé fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ páìpù náà kí ògiri má baà jókòó lé e lórí, wọ́n so ó mọ́ èyí tó lọ sí sókàwéè tí a ti gbẹ́ síwájú ilé, ibi tó jìnnà sí kànga jù lọ. A fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ojú ògiri tó ya níta ló kù. Ọmọ iṣẹ́ ti ń po yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí ìyá mi fi jáde, wọ́n ní kí a dúró. Wọ́n ní a kì í fi sìmẹ́ńtì nìkan dí ara amọ̀, kò ní gbà á. Wọ́n ní kí n gbé amọ̀ tí a yọ wá, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó wà nínú àpò ìrẹsì. A fọ́ ọ sínú agbada gàrí àtijọ́, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n síwájú, wọ́n sì ń wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì pò ó. Nígbà tí mo rò pé ó ti tó, wọ́n ní kò tíì tó. Wọ́n mú ìṣù kan, wọ́n jù ú lu ògiri, ó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ó ti tó," wọ́n ní. "Ẹ máa rẹ́ ẹ."

Ọmọ iṣẹ́ rẹ́ ẹ, a fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó gbẹ, a kan wáyà adìyẹ mọ́ ọn kí a tó fi sìmẹ́ńtì bò ó. Ilà búlọ́ọ̀kù èké ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fà padà síbẹ̀.